Kíláàsì tí Mo Ń Lọ fún Àwa Méjì

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ ní Tchaourou láàárọ̀, eruku ti bo ọ̀nà Parakou, ètè mi sì ti là. Yéwándé ọ̀rẹ́ mi fi ìborùn ìyá rẹ̀ bo imú àti etí, ojú nìkan ni mo rí. Awakọ̀ ní epo ti wọ́n sí i, ó fi nǹkan lé owó tákísí. A sanwó, a ò bá a jà.

Áńfì, gbọ̀ngàn ńlá tí a ti ń gba kíláàsì ní fásítì Parakou, ò kún rárá. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Báyìí, gbogbo ẹ̀yìn ti ṣófo. Karimou tí a jọ jáde ní líìsẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama, wà lẹ́nu géètì, ó ní òun ò wọlé, pé fọ́tókópì kóòsì biyolójì ti wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tí ń tà á lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ohun tó wà nínú ìwé náà ni wọ́n máa sọ, Mouni. Kí ni màá wá jókòó ṣe?"

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Yéwándé fà mí lọ́wọ́.

"Fọ́tókópì kì í dáhùn ìbéèrè," ló wí, a sì wọlé.

Iwájú ló máa ń jókòó, níbi tí eruku ṣọ́ọ̀kì ti ń bà lé e lórí. Mùsíyọ̀ Akíndélé, olùkọ́ wa ní biyolójì, kéde pé tépé, iṣẹ́ ọwọ́ ní làbó, máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ẹni tó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣe ìdánwò. Mo wo Yéwándé. Kò wò mí. Kò sí ọyẹ́ tó dé tí egungun rẹ̀ kì í dá a lóró, láti ìgbà tí a ti wà ní kéékèèké.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kejìlá

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì mu kókó tán tí tata Modúpẹ́, ìyá Yéwándé, fi ránṣẹ́ pé kí n má dúró dè é. Mo sáré dé ibẹ̀. Ó ká jọ sórí ẹní, orúnkún kan àgbọ̀n, ó fi eyín há aṣọ kó má baà ké. Ọlátúnjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti lọ pe zém, alùpùpù akérò, tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lajú, ó rí àpò ìwé léjìká mi.

"O ò ní pẹ́ báyìí?"

"Mi ò lọ mọ́."

"Lọ. Àwa méjèèjì ò lè pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ gbọ́ ọ fún mi."

Mo lọ. Mo sunkún nínú tákísí. Àwọn èrò rò pé eruku ló wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kejìlá

Tépé àkọ́kọ́, Yéwándé ò sí níbẹ̀. A bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a fi míkróskópù wò ó. Karimou ni wọ́n fi tì mí. Kò mọ ibi tí wọ́n ń yí kí àwòrán tó mọ́ kedere, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Òkùnkùn la rí títí wọ́n fi ní ká máa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kejìlá

Wọ́n ti dá a sílẹ̀ wálé. Ojú rẹ̀ pọ́n bí iṣu tí wọ́n fi àtalẹ̀ pupa pa, àmọ́ ó lè jókòó. Mo mú ìwé mi jáde, mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn, torí mi ò fo ọ̀rọ̀ kan.

"Nígbà tí wọ́n ní omi máa ń jáde nínú hóró ara tí iyọ̀ bá pọ̀ lóde rẹ̀, kí ni wọ́n yà sí pátákó?"

"Wọ́n ya róbótó kan."

"Ọfà ńkọ́? Ibo ni ọfà kọjú sí?"

Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ, mi ò wo ọfà.

"Ṣé wọ́n sọ ohun tó ń ṣe hóró náà tí omi bá ti jáde tán?"

"Mi ò bèèrè."

Kò bínú. Ó kàn kọjú sí ògiri. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kejìlá

Mo nawọ́ lónìí. Láti ìgbà tí mo ti wọ fásítì, mi ò nawọ́ rí. Mo fi Faransé tí kò já gaara béèrè ohun tí Yéwándé bi mí. Mùsíyọ̀ Akíndélé dúró, wọ́n fi ọwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì sára aṣọ, wọ́n ní, "Ìbéèrè tó dáa nìyẹn." Wọ́n ya hóró náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe ń fún, bó ṣe ń kákò. Kò sí ìyẹn nínú fọ́tókópì. Mo ya ọfà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn kíláàsì mo tọ̀ wọ́n lọ nítorí tépé tí Yéwándé ò wá. Mo sọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ní, "Ọmọbìnrin iwájú yẹn?" Wọ́n ní kó gba ìwé dókítà, kó wá bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe tépé ní Jímọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kejìlá

Ìjà lónìí ní ilé Yéwándé. Tata Modúpẹ́ ní kò sí fásítì mọ́ títí ọyẹ́ máa fi lọ.

"Fásítì ò ní sá lọ. Ọdún tó ń bọ̀, o lè padà."

"Màmá, ọyẹ́ máa wá lọ́dún tó ń bọ̀ náà. Tí mo bá ń dúró kó lọ, ìgbà wo ni màá parí?"

"Ilé lo ti máa ní àlàáfíà."

"Inú ilé yìí náà ló ti mú mi. Ṣé mo wà ní Parakou ni?"

Tata Modúpẹ́ ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Mo ti sin ọmọ kan," ni wọ́n wí. "Èmi ò fẹ́ sin ìkejì."

Àwọn ewúrẹ́ wọ àgbàlá, wọ́n ń jẹ èèpo iṣu, a ò lé wọn. Nígbà tó pẹ́, Yéwándé fẹ̀yìn ti ìyá rẹ̀, ó ní, "Tí mo bá wà ní kíláàsì, ọkàn mi kì í sí lára ìrora. Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn, Màmá."

Ọ̀la, a máa lọ. Tata Modúpẹ́ ti to aṣọ tó máa wọ̀ sórí àga.

Jímọ̀, 20 oṣù Kejìlá

Ẹ̀wù mẹ́ta ló wọ̀. Ó jókòó ti míkróskópù, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní "Wò ó." Mo wò ó. Àlùbọ́sà! Ògiri rẹ̀ tò bíi ti búlọ́ọ̀kù ilé, ààrin ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì dúdú kan. Ó ní kí èmi náà yí i fúnra mi títí ọwọ́ mi á fi mọ̀ ọ́n. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó sùn lé mi léjìká títí a fi dé Tchaourou. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kejìlá

Kérésì. Tata Modúpẹ́ gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún wa nílé. Yéwándé bá Djamal, ẹ̀gbọ́n mi, jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, ó sì rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ yá.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kìíní

A ti wọlé padà. Ọyẹ́ le ju ti Kejìlá lọ. Àwọn igi káṣú ojú ọ̀nà ti ń tanná, eruku funfun bo òdòdó wọn. Yéwándé ń dúró kó lè mí dáadáa lórí àtẹ̀gùn áńfì, ó ń díbọ́n pé bàtà òun ló fẹ́ tún so.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kìíní

Karimou wọlé lónìí, ó jókòó lẹ́yìn wa. Ó ní òun ka fọ́tókópì náà títí, kò yé òun. Yéwándé yí padà, ó ṣàlàyé fún un títí tí kíláàsì kejì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kìíní

Mo fẹ́ kọ ti òní dáadáa.

Tépé ẹ̀jẹ̀ ni. A kọ́kọ́ wá irú ẹ̀jẹ̀ oníkálukú. Irú O ni tèmi, irú O ni ti Yéwándé náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí oníkálukú gún ìka, kó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, kó wò ó. Mùsíyọ̀ Akíndélé wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kì í ṣe dandan kó jẹ́ tìrẹ, Yéwándé. Ẹ lè jọ wo ti Mounifatou."

"Mo fẹ́ rí i, Mùsíyọ̀."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Gbogbo ìgbà tó ń bá mi jà, mi ò rí ojú rẹ̀ rí."

Wọ́n yọ̀ǹda. A kọ́kọ́ wo tèmi, hóró ẹ̀jẹ̀ tó rí róbótó, ààrin rẹ̀ jìn díẹ̀ bí àwo tí ọmọdé fi amọ̀ mọ. Lẹ́yìn náà ó gbé tirẹ̀ síbẹ̀, ó dojú lé e. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbé ojú sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ó wá ní, "Ẹ̀yin nìyí, àbí?" ó sì rẹ́rìn-ín kékeré, bí ẹni tó pàdé ẹni tí wọ́n ti ń ròyìn fún un tipẹ́.

Mo wò ó. Àwọn róbótó wà níbẹ̀, àmọ́ láàárín wọn làwọn kan tó gùn, tó tẹ̀, tó mú létí méjèèjì bí dòjé. Mo rí wọn, mo rántí gbogbo ọyẹ́ tí mo ti bá a jókòó.

Karimou ní, "Kí lèyí?" Ó wá wò ó, àwọn tó wà ní tábìlì kejì náà wá. Yéwándé ló ń ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ti gbogbo èèyàn rọ̀, ó lè yọ́ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín. Pé tòun, tí òtútù bá mú un tàbí tí afẹ́fẹ́ ò tó o, á le gbagidi, á fi etí kọ́ ara wọn, ọ̀nà á dí, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ ló ń ké. Mùsíyọ̀ Akíndélé jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń gbọ́.

Nínú tákísí ó ní, "Mouni, gbogbo ayé mi ni wọ́n ń pè é ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Orúkọ yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo rí lónìí kékeré ni."

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Kìíní

Àyà ló mú un. Kì í ṣe egungun lásán ti tẹ́lẹ̀. Ibà ni, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ní Tchaourou wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Parakou kíákíá. Djamal wá ọkọ̀. Ojú ọ̀nà tí a máa ń gbà lọ sí kíláàsì náà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kìíní

Wọ́n ní ó nílò ẹ̀jẹ̀. Mo sọ irú tèmi kí wọ́n tó béèrè, wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì gbà á. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń ṣàn lọ nínú ọ̀pá rọ́bà. Róbótó ni gbogbo wọn. Ẹ lọ bá mi ràn án lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Kìíní

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ó lajú lọ́sàn-án, ó bi mí ohun tí wọ́n ṣe ní tépé òní. Mo ní mi ò lọ. Inú rẹ̀ ò dùn sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Kìíní

Yéwándé kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kejì

A sin ín. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn kọrin. Karimou àti àwọn ọmọ áńfì wá pẹ̀lú ọkọ̀ kan, Mùsíyọ̀ Akíndélé náà wá, wọ́n dúró lẹ́yìn pátápátá. Tata Modúpẹ́ ò sunkún. Wọ́n ń bi mí léraléra bóyá mo ti jẹun.

Jímọ̀, 7 oṣù Kejì

Mi ò tíì lọ kíláàsì. Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ti ń bọ̀. Kí ló dé tó fi wá ń lọ báyìí?

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kejì

Mo dé ẹnu ọ̀nà áńfì. Mo rí iwájú. Mo padà wálé.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kejì

Tata Modúpẹ́ wá bá mi ní ọ̀sán. Wọn ò tíì jáde nílé láti ọjọ́ ìsìnkú, Ọlátúnjí ló mú wọn wá. Wọ́n jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi nímù wa, wọ́n ní kí màmá mi jọ̀ọ́, kó fi àwa méjì sílẹ̀ díẹ̀.

"Mouni, o wà nínú kíláàsì yẹn pẹ̀lú ẹ̀. Sọ fún mi. Kí ló pa ọmọ mi?"

Mo ní SS ni. Wọ́n ní àwọn mọ orúkọ yẹn, dókítà ti sọ ọ́ tipẹ́, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé. "Kò sẹ́ni tó jókòó sọ fún mi ohun tó jẹ́, ibi tó ti wá."

Mo fi igi yàwòrán sílẹ̀. Mo ya hóró ẹ̀jẹ̀, mo ya iṣan, mo sọ ọ́ bí Yéwándé ṣe sọ ọ́. Mo wá ya ìyá àti bàbá, mo fún wọn ní ohun méjì méjì, ọ̀kan tó dáa, ọ̀kan tó tẹ̀. Mo ní ọmọ máa ń gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó bá gba èyí tó tẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì ni àìsàn náà ń mú.

Wọ́n wo ilẹ̀ náà títí.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, nígbà yẹn."

Mo fẹ́ parọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ parọ́.

"Lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ bàbá, tata. Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀. Ara tiyín le, ti bàbá náà le títí wọ́n fi kú."

"Àkọ́bí mi náà?"

"Ó lè jẹ́ òun náà ni."

"Ọlátúnjí wá ńkọ́? Bàbá kan náà, ìyá kan náà. Ara rẹ̀ le."

Mo ní ó lè jẹ́ pé èyí tó dáa ló gbà. Wọ́n ní kí ló dé tí Ọlátúnjí fi gbà á, tí Yéwándé ò gbà á? Ta ló ń pín in? Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè, màá bèèrè.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì

Mo jókòó sí iwájú. Mo fi àpò mi sórí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo tún gbé e kúrò. Karimou wá jókòó síbẹ̀.

Mo béèrè ohun tí tata Modúpẹ́ bi mí. Mùsíyọ̀ Akíndélé mọ ẹni tó ni ìbéèrè náà láìjẹ́ pé mo sọ. Wọ́n ní fún oyún kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń mú ẹ̀wà nínú igbá pẹ̀lú ojú dídì ni. Èyí tí ọwọ́ bá bà ni. Oyún tó kọjá kò yí ti èyí tó ń bọ̀ padà. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ń pín in. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lọ ṣe àyẹ̀wò kó tó gbéyàwó, torí ara líle nìkan ò lè sọ ohun tó gbà."

Mo dúró ní ilé wọn kí n tó dé tiwa. Tata Modúpẹ́ gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é," ni wọ́n wí.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, tata."

Ìgbà yẹn ni wọ́n sunkún, ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì

Ìdánwò biyolójì. Mo kọ ohun tí mo mọ̀, ó sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo jáde, mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń bi ara wọn ní èsì, mi ò rí ẹni tí mo fẹ́ bi.

Ọlátúnjí ti ṣe àyẹ̀wò. AS ni. Ó ti sọ fún ọmọbìnrin tó ń fẹ́, òun náà máa lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun mi gbẹ, àmọ́ tata Modúpẹ́ bẹ̀ mí kí n bá àwọn dé Sanson. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ní níbẹ̀. Djamal yá mi ní alùpùpù rẹ̀, Ọlátúnjí gbé ìyá rẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti sun igbó lójú ọ̀nà, ilẹ̀ dúdú lọ títí, òórùn èso káṣú ń dùn nínú ooru.

A dúró ní agbo ilé kan tí iṣu pọ̀ sí. Kí a tó wọlé, tata Modúpẹ́ di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn tó jẹ́ obìnrin, tata Adéọlá, ló ń gbé ibẹ̀. Pé nígbà tí àkọ́bí àwọn kú, àwọn dúró ní ìta gbangba, àwọn pe obìnrin náà ní àjẹ́, àwọn ní òun ló jẹ ọmọ àwọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn. Tata Adéọlá ò wá síbi ìsìnkú Yéwándé. "Báwo ni wọ́n ṣe máa wá?" ni wọ́n wí. "Èmi ni mo lé wọn."

Obìnrin àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ń to iṣu. Wọ́n rí wa, iṣu ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tata Modúpẹ́ kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ẹ̀yin. Kì í ṣe ẹnì kankan. Ọmọ yìí kọ́ ọ ní fásítì pẹ̀lú Yéwándé. Mouni, wí fún wọn. Wí fún wọn bí o ṣe wí fún mi."

Mo wá igi tín-ín-rín kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sílẹ̀, bàbá, ìyá, èyí tó dáa, èyí tó tẹ̀. Tata Adéọlá ò wo ilẹ̀. Ìyàwó àbúrò wọn ni wọ́n ń wò, àti orúnkún rẹ̀ nínú eruku.

Wọ́n gbé iṣu náà sílẹ̀. Wọ́n wọ inú yàrá, ó pẹ́ díẹ̀, mo rò pé wọn ò ní jáde mọ́. Wọ́n jáde pẹ̀lú àpótí ìjókòó kan, wọ́n fi etí aṣọ wọn nù ún, wọ́n gbé e síwájú tata Modúpẹ́.

"Dìde kúrò nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Jókòó, kí ọmọ náà lè kọ́ wa."